Oògùn Tí Kò Jẹ́ Kí N Pọn Ọmọ Mi

Ọwọ́ mi ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà ní Kétu nígbà yẹn. Ìkòsì la ń gbé, nínú yàrá kan àti pálọ̀, èmi, ọkọ mi tó ń ta sípéà páàtì ní Owódé Onírin, àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òwú ń gbọ̀n. Mo rò pé ebi ni. Mo jẹun tán, ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n.

Kò pẹ́ tí àyà mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù bí ẹni tó sáré gun òkè, bẹ́ẹ̀ orí ìjókòó ni mo wà. Mò ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ mò ń rù. Òógùn ń bò mí lábẹ́ fáànù. Ojú mi ń yọ síta, ọrùn mi sì ń wú níwájú. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí tìfura-tìfura. Ọ̀kan nínú wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, pé àrùn tí wọ́n ń sọ lórí rédíò yẹn kì í ṣe ohun ìtìjú mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò lóòótọ́, wọ́n ní gẹ̀gẹ̀ ni. Wọ́n ní ẹran kékeré kan wà níwájú ọ̀fun gbogbo èèyàn, tó ń sọ fún ara bó ṣe yẹ kó yára tó. Tèmi ti ṣàṣejù. Ó ń lé gbogbo ara mi ní eré. Wọ́n fún mi ní oògùn, mo sì lò ó fún ohun tó lé lọ́dún kan. Bí mo bá ń lò ó, ara á rọ̀. Bí wọ́n bá ti dín in kù, àyà á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n lọ sí ọsibítù kan ní Ìbàdàn, pé wọ́n ní irú áyódíìnì kan níbẹ̀ tó lè mú ẹran náà dákẹ́.

Dókítà tó gbà wá níbẹ̀ kò lè ju ọkọ mi lọ lọ́jọ́ orí. Kò kánjú, kò sì fi gẹ̀ẹ́sì bò wá mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Mummy, áyódíìnì ni oúnjẹ ẹran ọrùn yín yìí. Inú iyọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń jẹ ló ti ń rí i. Kò sí ibòmíì lára yín tó ń fà á tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n áyódíìnì tá a fẹ́ fún yín, ìyẹn ò fara balẹ̀ bíi ti inú iyọ̀. Àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀, ìyẹn àwọn wóró kéékèèké tí ojú ò lè rí, kò lè dúró bí wọ́n ṣe wà. Wọ́n máa ń fọ́. Èyí tó bá ti fọ́ á ju ìtànṣán síta, á wá di nǹkan míì tó fara balẹ̀. Ìtànṣán yẹn la fẹ́ kó jó ẹran náà."

Ọkọ mi bi í pé, "Ìgbà wo ni gbogbo ẹ̀ máa fọ́ tán?"

"Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń yan gúgúrú rí? Kò lè nàka sí wóró kan pé èyí ló kàn. Ṣùgbọ́n ó mọ bí gbogbo ìkòkò ṣe ń lọ. Báyìí náà ni. A ò mọ èyí tó máa fọ́ báyìí, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ní ọjọ́ mẹ́jọ, ìdajì ti fọ́. Ní ọjọ́ mẹ́jọ míì, ìdajì ohun tó kù. Kì í ṣe gbogbo ohun tó kù o, ìdajì ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láá máa dín kù títí tí kò fi ní já mọ́ nǹkan kan. Kò sí iná tó lè mú un yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí yìnyín tó lè dá a dúró."

Ó wá sọ ohun tó jẹ́ kí n jókòó dáadáa. Ó ní oríṣi ìtànṣán méjì ló ń jáde lára oògùn náà. Ọ̀kan kúrú, kò lè rìn jìnnà nínú ẹran ara, inú ọrùn mi níbẹ̀ ló máa parí agbára rẹ̀ sí. Òun ló ń ṣe iṣẹ́. Èkejì gùn. Á la ara mi kọjá bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń la kọ́tìnnì kọjá, á bọ́ sára ẹni tó bá jókòó tì mí. Kò ní pa ẹni náà, kò ní dá a dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ara ọmọdé tàbí ti aláboyún máa gba irú rẹ̀ láìnídìí.

"Ọmọ yín ńkọ́, Mummy? Ọmọ ọdún mélòó ni?"

Mo ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì, mo sì ti já a lẹ́nu ọmú.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má pọ̀n ọ́n, ẹ má gbé e lé ẹsẹ̀, ẹ má sùn tì í. Ẹ jìnnà sí i. Tẹ́ ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó ń dé ara ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa dé ara ẹ̀. Ẹ máa mu omi dáadáa, torí ìtọ̀ máa kó púpọ̀ jáde nínú oògùn yẹn. Tẹ́ ẹ bá lo ilé ìyàgbẹ́, ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ya àwo yín sọ́tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti parí."

Bó ṣe sọ ọ́ nínú ọ́fíìsì yẹn, ó dà bí ohun tó rọrùn.

Wọ́n ní kí n fi oògùn mi àtijọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé, kí n má sì jẹ iyọ̀ tí wọ́n fi áyódíìnì sí, kí ebi áyódíìnì lè máa pa ẹran náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Gbígbọ̀n náà padà wá pẹ̀lú agbára. Nígbà tí ọjọ́ pé, a gba Ìbàdàn lọ láàárọ̀, wọ́n sì sọ fún wa pé oògùn kò tíì dé. Láti òkè òkun ló ń bọ̀, wọn kì í sì í rà á pa mọ́, torí bí wọ́n bá gbé e sílẹ̀, fúnra rẹ̀ láá fọ́ dànù. Mo bi wọ́n pé ibo ló wá wà báyìí. Nọ́ọ̀sì náà ní, "Ó ti dé Èkó, Mummy. Kò tíì kúrò ní pápákọ̀ òfurufú ni."

Èkó ni mo ti wá. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níbẹ̀. Oògùn wà nílùú mi, ó ń fọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú àpótí, èmi wà nílùú ẹlòmíì, mò ń gbọ̀n bí ewé. Kò sí ẹni tí mo lè bínú sí. Nọ́ọ̀sì kọ́ ló há a mọ́bẹ̀. A padà sílé. Nígbà tí a máa tún lọ, eléyìí tó há yẹn ti bàjẹ́, òmíràn ni wọ́n dúró dè. Gbogbo ìgbà yẹn ni mò ń jẹ ọbẹ̀ tí kò ní adùn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e mì, ọkùnrin kan ló mú un wá nínú ìkòkò òjé kékeré kan tó wúwo. Ó fi ẹ̀mú gígùn mú kápúsù kan jáde níbẹ̀, kápúsù lásán, bí èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì. Ó ní kí n fi omi gbé e mì, òun sì bọ́ sẹ́yìn. Kò korò, kò dùn. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ìtànṣán wà sún mọ́ mi, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta kì-kì-kì láìdákẹ́. Ara mi ni ariwo yẹn ti ń wá. Mo wo ọwọ́ mi, mo wo ẹsẹ̀ mi, kò sí ohun tó yí padà.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ní Owódé Onírin ló yẹ kó fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa padà, torí dókítà ní kò dáa kí n jókòó fún wákàtí púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí mi ò mọ̀. Mọ́tò náà kọṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kò rí páàtì fi sínú tiwọn. A bá wọ bọ́ọ̀sì. A gba gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, mo jókòó sí igun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọkọ mi jókòó sí igun kejì, àárín ṣófo.

Ẹni tó máa wọlé kẹ́yìn wá jẹ́ aláboyún. Oyún náà ti tóbi. Ó rí àyè láàárín wa, ó ń bọ̀ tààrà.

Mo ní, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ má jókòó síbí."

Ó dúró. "Ta ló wà níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni kankan. A ti sanwó ẹ̀ ni."

"Ẹ sanwó afẹ́fẹ́? Ẹ wo oyún lára mi o, ẹ ní kí n dúró?"

Gbogbo ọkọ̀ yí ojú padà. Ṣé kí n sọ fún bọ́ọ̀sì tó kún pé ìtànṣán ń jáde lára mi? Gbogbo wọn ni ì bá fò jáde lójú fèrèsé, bẹ́ẹ̀ kò sí ewu tó tó bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kankan nínú wọn. Ọkọ mi dìde, ó lọ bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ó bẹ̀ ẹ́ kó wá sẹ́yìn, kí obìnrin náà lè jókòó síwájú. Ọmọkùnrin náà wá sẹ́yìn, ó jókòó ti ọkọ mi, ó ń kùn. Obìnrin náà jókòó síwájú, ó jìnnà sí mi dáadáa, níbi tó tura jù nínú ọkọ̀, ó sì ń bú mi títí a fi kọjá Ìbàfò. Ó ní òun ò mọ̀ pé òun ń rùn. Ó ní bí Ọlọ́run bá fún àwọn kan lówó bọ́ọ̀sì, wọ́n á rò pé àwọn ló ni títì. Mo wo ìta. Oyún rẹ̀ ni mò ń ṣọ́, òun sì rò pé ìríra ni.

Ètò wa ni pé ìyá ọkọ mi máa wá mú ọmọ lọ sí Ìsẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Nígbà tí a dé ilé, wọ́n ti wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn, wọ́n sì ti yí ìpinnu padà.

Wọ́n ní, "Ìyàwó mi ń ṣàìsàn, kí n wá gbé ọmọ kúrò nílé? Ta ló máa se oúnjẹ fún ọkọ ẹ? Ibí ni mo wà."

Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi wo ilẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe pín ilé. Ìyá ọkọ mi, ọkọ mi àti ọmọ wà ní pálọ̀, èmi wà ní yàrá. Mo fa bẹ́ẹ̀dì lọ sí ògiri tó jìnnà jù. Mo ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ mi sẹ́nu ọ̀nà. Ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo àgbàlá wa ń lò, kò sì sí omi ẹ̀rọ. Ọwọ́ mẹ́ruwà tó ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá la ti ń ra omi. Mò ń mu omi bí ẹran, mò ń lọ tọ̀ nígbà gbogbo, mo sì ń da omi lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n ṣe sọ. Láàárọ̀ tí gbogbo ilé bá tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, èmi ni wọ́n máa ń bá níbẹ̀, èmi náà ni wọ́n á tún rí tí mo padà wá tò sẹ́yìn.

Ọmọ mi ni kò jẹ́ kí n ní ìsinmi. Ó mọ̀ pé mo wà nínú yàrá. Á jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. "Mummy, ṣí i. Mummy, pọ̀n mí." Mo máa ń dá a lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń kọrin fún un gba ara ilẹ̀kùn. Nígbà míì á dákẹ́, màá rò pé ó ti lọ, àfi kí n tún gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyá ọkọ mi ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ọmọ wọlé, wọ́n sì gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn, níbi tí oògùn náà wà gan-an, ó fi ojú rẹ̀ sí i.

Mo ní, "Màmá, ẹ gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kíá."

"Irú oògùn wo ni kò ní jẹ́ kí ìyá gbé ọmọ ẹ̀? Mo bí mẹ́fà, mo ṣàìsàn lórí gbogbo wọn, kò sí èyí tí mi ò pọ̀n."

"Màmá, mo ti ṣàlàyé fún yín. Ìtànṣán tó wà lọ́rùn mi..."

"Ṣé mo rí nǹkan kan lọ́rùn ẹ? Ó ń tàn ni?"

Mi ò mọ bí mo ṣe pariwo. Mo kàn gbọ́ ohùn ara mi tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tú ọwọ́ ọmọ kúrò lọ́rùn mi, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń ké bí ẹni tí wọ́n nà. Ìyá ọkọ mi ní, "O ti lé ọmọ ẹ dànù." Wọ́n gbé e jáde. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún wọn nítorí ohùn tí mo gbé sókè. Kò sẹ́ni tó bẹ èmi.

Lóòótọ́, ìṣẹ́jú kan lórí ẹsẹ̀ mi kò lè ṣe ọmọ náà ní nǹkan. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. Ó ní àsìkò tó gùn ni kí n máa sá fún. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa sọ ìyẹn fún ìyá ọkọ mi? Bí mo bá ní ìṣẹ́jú kan kò burú, wákàtí kan ni wọ́n máa gbé e wá.

Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù náà kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Mummy ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n wọlé wá kí mi, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tì mí, èjìká wọn kan tèmi. Mo sún, wọ́n sún tẹ̀ lé mi. Mo ní dókítà ní kí n máa dá wà. Wọ́n ní, "Àwọn dókítà yìí, wọn ò mọ̀ pé àdáwà ń pa èèyàn." Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n gbàdúrà gígùn. Mò ń sọ ọ́ lọ́kàn pé kí wọ́n ṣe àmín, kí wọ́n dìde. Inú mi dùn sí wọn, wọ́n sì tún ń dá mi lágara.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí ọmọ mi fẹ́ràn, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo na ọwọ́ méjèèjì. Ó wò mí láti ẹ̀yìn ìró ìyá àgbà. Kò wá. Mo pè é, ó fi ojú pa mọ́. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ó sọ pé, "Mummy á tì mí." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ náà padà sára mi, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ó kọ́kọ́ ń gba bísíkíìtì lọ́wọ́ mi, á sì sá. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń jókòó sí ìdí máṣìnì nígbà tí mo bá ń ránṣọ. Nígbà tó yá, ó sùn lọ lórí ẹsẹ̀ mi, mi ò sì dìde títí tí ẹsẹ̀ náà fi kú.

Ìgbà tí mo rò pé ó ti tán ni wàhálà wá bẹ̀rẹ̀. Ohun tó lé ní oṣù méjì ti kọjá tí mo ti gbé oògùn mì. Lánlọ́ọ̀dù pe ọkọ mi, ó ní ṣáláńgá tètè kún lọ́dún yìí, àwọn ayálégbé sì ń sọ pé ìyàwó rẹ̀ ló ń da omi jù. Ọkọ mi, tí kò lè parọ́ tí kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un: áyódíìnì, ìtànṣán, omi ẹ̀ẹ̀mejì. Ó rò pé bí ọkùnrin náà bá mọ ìdí rẹ̀, á fọwọ́ wọ́nú.

Lánlọ́ọ̀dù máa ń ka ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mú jáde nínú gbogbo àlàyé yẹn: redíéṣọ̀n, bí òyìnbó ṣe ń pe ìtànṣán. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àgbàlá ti gbọ́ pé bọ́ǹbù wà lára mi. Ó pè mí síwájú ilé.

"Madam, ẹ máa wá ibòmíì tẹ́ ẹ máa máa tọ̀ sí. Èèyàn ló ń gbé nínú ilé yìí."

Mo ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Lóòótọ́ ó wà lára mi nígbà yẹn. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ló ń fi ìdajì dín kù, mo sì ti ń tọ̀ ọ́ jáde láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó kù báyìí kò tó nǹkan kan."

"Kò tó nǹkan kan, àbí kò sí?"

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Dókítà ti sọ fún mi pé ìdajì ìdajì ni, pé kì í tán lójijì bí omi inú kẹ́ẹ̀gì. Mi ò fẹ́ parọ́ fún àgbàlagbà. Mo ní, "Ó kéré gan-an ni, Daddy. Kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan."

"Ẹ ò rí i? Ó ṣì wà níbẹ̀."

Ó wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni kọ́kọ́rọ́ tuntun dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, gbogbo ayálégbé gba ọmọ kọ́kọ́rọ́, a ò gba tiwa. Ọkọ mi bá aládùúgbò kan sọ̀rọ̀, ibẹ̀ la ń lọ. Mummy tó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ara mi ń mú ẹ̀rọ pariwo, kò gba àwo ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n dúró jìnnà, wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, àwọn ti jẹun.

Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn obìnrin méjì wá gba aṣọ wọn tí mi ò tíì gé, wọ́n fi ọ̀rá bo ọwọ́ kí wọ́n tó mú un. Mo gbìyànjú láti bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní ìtànṣán kì í ṣe kòkòrò àrùn, kì í ràn láti ara ẹni kan sí òmíràn, aṣọ tí ìtànṣán bá kàn kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìtànṣán jáde. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Kí ló wá dé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ya àwo yín sọ́tọ̀?" Ìbéèrè tó dára ni. Oògùn fúnra rẹ̀ lè wà nínú itọ́, nínú òógùn, ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín oògùn tó ń mú ìtànṣán jáde àti ìtànṣán fúnra rẹ̀, ó gba pé kí ẹni tó ń gbọ́ jókòó. Kò sí èyí tó jókòó.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé mi ò rí ibi kan dúró sí. Nígbà tó yẹ kí wọ́n jìnnà, mo ní ẹ jìnnà, wọ́n ní mò ń ṣe àṣejù. Nígbà tí kò sí ìdí láti jìnnà mọ́, mo ní ẹ sún mọ́ mi, wọ́n ní mo fẹ́ pa wọ́n. Òótọ́ kan náà ni mo sọ nígbà méjèèjì. Bí mo bá ti sọ pé kò sí nǹkan kan rárá, tàbí pé ikú ni, wọn ì bá gbà mí gbọ́. Ọ̀rọ̀ pé ó wà, ó sì ń dín kù, kò wọ etí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a padà lọ sí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò, mo bẹ dókítà pé kó gbé ẹ̀rọ yẹn sún mọ́ mi. Ó gbé e sí ọrùn mi. Ó ń ta kì, á dákẹ́, á tún ta kì. Lẹ́yìn náà ó gbé e sí ara ògiri ọ́fíìsì, ó ń ta bákan náà. Ó ní inú ilẹ̀, inú bíríkì, inú ara gbogbo èèyàn, àwọn átọ́ọ̀mù tí kò fara balẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí wa. Ó ní ògiri yẹn àti èmi ti di ẹgbẹ́. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Mo bi dókítà bóyá ó lè bá wa dé Ìkòsì kó wá gbé ẹ̀rọ náà sí ara ògiri lánlọ́ọ̀dù. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Ara mi yá. Àyà mi rọlẹ̀, ọwọ́ mi dúró, mo lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, òtútù ń mú mi nínú oòrùn, oorun ń kùn mí nídìí máṣìnì. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé ó lè rí bẹ́ẹ̀: ìtànṣán náà jó ẹran ọrùn mi ju ààbọ̀ lọ, kò lè ṣe iṣẹ́ tó yẹ mọ́. Wọ́n fún mi ní hóró oògùn kékeré kan tí mo máa lò láràárọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Mo gbà á. Ó sàn ju kí ọkàn mi máa sáré lọ síbi tí mi ò mọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a kó kúrò ní Ìkòsì, a lọ gba ilé sí Ògùdù, ní apá ibi tí àwọn ilé àtijọ́ wà. Inú ilé ni ilé ìyàgbẹ́ wa wà níbẹ̀, tiwa nìkan. Lánlọ́ọ̀dù tuntun jẹ́ bàbá arúgbó kan tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Lọ́jọ́ tí a ń já ẹrù, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bi mí pé kí ló lé wa kúrò níbi tí a wà tẹ́lẹ̀, ṣé ìjà ni. Ọkọ mi ti ń la ẹnu. Mo yára dáhùn kó tó sọ̀rọ̀. Mo ní omi ni, pé omi ò pọ̀ níbẹ̀. Bàbá náà ní omi Ìkòsì ti ń ṣòro tipẹ́, ó sì lọ fi kànga hàn wá.